Bí ẹ ṣe lè mú kí rélùwéè kékeré yín jọ ojú irin gidi

"Ẹ̀gbọ́n, irin ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ ń sáré dáadáa, àmọ́ ó ṣì dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Kí ló kù?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń kọ̀wé sí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìdáhùn rẹ̀ síbi kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọkọ̀ tó wọ́n ju èyí tẹ́ ẹ ní lọ ló kù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni ilẹ̀, ìpẹtà àti ìdọ̀tí. Òjò ti pa ojú irin gidi, oòrùn ti pa á, epo ẹ́ńjìnnì ti kán sí i lára, koríko ti hù láàárín rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn kún tiyín, ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ òótọ́.

Ojú irin àtijọ́ tó gba Ifọ̀ lọ sí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni èmi fúnra mi ń kọ́ sórí pátákó: ilẹ̀ pupa, àpáta, òrùlé tó ti pọ́n bí osùn, ọjà tó fara ti ojú irin. Bó bá jẹ́ Òṣogbo tàbí Ìlọrin lẹ fẹ́ kọ́, iṣẹ́ kan náà ni.

## Ẹ mú ìwọ̀n kan, kẹ́ ẹ má sì yẹsẹ̀

Ibí ni nǹkan ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn kí wọ́n tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù rárá. Irin tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ mìlímítà 16.5. Irin kan náà yìí lè dúró fún ojú irin méjì tó yàtọ̀ síra nílẹ̀ wa. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá yàn ló máa sọ èyí tó jẹ́:

- Ojú irin àtijọ́, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067: ẹ lo 1:64, ìyẹn ni pé ohun gidi jẹ́ ìlọ́po 64 ohun tó wà lórí pátákó yín. Tẹ́ ẹ bá sọ 16.5 di ìlọ́po 64, ẹ máa rí 1,056. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Èèyàn tó ga ní mítà 1.7 á di mìlímítà 26 tàbí 27.
- Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435: ẹ lo 1:87. Èèyàn yẹn kan náà á di nǹkan bíi mìlímítà 20.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ra. Ilé àti èèyàn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ yín sábà máa ń jẹ́ 1:76, bó tiẹ̀ jẹ́ pé irin 16.5 náà ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wọn lé. Bí ẹni 1:76 bá dúró ti ọkọ̀ 1:64, á dà bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jù wọ́n nù o. Ẹ̀yìn pátápátá ni kẹ́ ẹ gbé wọn sí, lẹ́bàá ògiri, torí ohun tó bá kéré lẹ́yìn máa ń jẹ́ kí ojú rò pé ọ̀nà jìn.

Ẹ kọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ mú sára pátákó gan-an. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ wọn èyí tó wà lójú ayé, kẹ́ ẹ fi 64 pín in (tàbí 87, tó bá jẹ́ 1:87 lẹ mú).

## Kí gọ́ọ̀mù tó kan ohunkóhun

Gọ́ọ̀mù tó bá ti gbẹ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ rí i dájú pé:

- ọkọ̀ yín ti lọ yípo léraléra, níwájú àti sẹ́yìn, láìdúró níbì kankan. Ibi tó bá ń takú sí lónìí, á tún takú síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá da òkúta bò ó, ẹ ò sì ní rí ìdí rẹ̀ mọ́.
- gbogbo wáyà ti wọlẹ̀ sábẹ́ pátákó.
- ẹ ti so pẹ́ńsù mọ́ ọkọ̀ tó gùn jù, lákọ̀ọ́kọ́ sí àárín rẹ̀, lẹ́yìn náà sí igun rẹ̀, ẹ sì ti fọwọ́ tì í yípo. Ìlà tí pẹ́ńsù bá fà ni ààlà. Ilé, òpó, èèyàn, ìkankan ò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.
- ẹ ti ya fọ́tò ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà jù: àwọ̀ rẹ̀, ibi tí koríko ti hù, ibi tí èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ di ọ̀nà. Ẹ má bọ́ sójú irin nítorí fọ́tò. Ọkọ̀ ojú irin kì í lè dúró lójijì.

## Ojú irin fúnra rẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ níbí ju ibòmíì lọ. Ibẹ̀ lojú máa wà nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá.

Ẹ wá: ọ̀dà tí kì í dán, ìyẹ̀pẹ̀ gránáìtì, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà (Top Bond wà níbi gbogbo), ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, sípíríìtì, síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ike tó ń fọ́n omi, òòfà, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀.

1. Ẹ kun ẹ̀gbẹ́ irin méjèèjì ní àwọ̀ ìpẹtà. Ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá po pupa díẹ̀ àti dúdú díẹ̀ mọ́ ọn, á bọ́ sí i. Ẹ kun ìdábùú abẹ́ rẹ̀ náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi lójú irin àtijọ́ wa, irin ni àwọn ìdábùú yẹn, kì í ṣe igi, nítorí náà àwọ̀ ìpẹtà kan náà ló yẹ wọ́n. Kọnkéré ni ti ojú irin tuntun, àwọ̀ eérú ni kẹ́ ẹ kùn ún.

2. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ẹ fi àkísà tẹ́ ẹ rẹ sínú sípíríìtì nu orí irin títí á fi dán. Ibẹ̀ ni iná ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì.

3. Ẹ ra ìyẹ̀pẹ̀ gránáìtì díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi asẹ́ tíì jọ̀ ọ́. Èyí tó jábọ́ lẹ fẹ́. Ẹ wá fi ajọ̀ ẹ̀lùbọ́ tún un jọ̀ kí ẹ̀tù rẹ̀ lè lọ. Èyí tó kù sójú ajọ̀, tí kò tó mìlímítà kan, òun ni òkúta yín. Ẹ fi nǹkan bo imú, kẹ́ ẹ sì ṣe é níta. Ẹ̀tù òkúta ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

4. Ẹ wé òòfà sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fà á kiri nínú òkúta náà títí nǹkan ò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

5. Ẹ dà á sáàárín irin díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ́ ẹ. Kò gbọ́dọ̀ ga ju orí ìdábùú lọ. Ìka ọwọ́ lẹ máa fi gbá orí irin pẹ́pẹ́ kí èyí tó wà níbẹ̀ lè jábọ́.

6. Ẹ fi ike fọ́n omi tẹ́ ẹ kán ọṣẹ sí lé e lórí, láti òkè, kó rọ̀ bí ìrì. Tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn láti ìtòsí, òkúta á fò lọ.

7. Ẹ po gọ́ọ̀mù àti omi ní ìdajì-ìdajì, kẹ́ ẹ kán ọṣẹ sí i. Ẹ fi síríńjì kán an sáàárín òkúta. Tó bá jẹ́ pé omi ti rẹ òkúta dáadáa, ẹ máa rí gọ́ọ̀mù náà tó ń sáré wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá dúró lókè bí ìlẹ̀kẹ̀, omi ò tó, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 6.

8. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lásìkò òjò, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì. Ẹ má fọwọ́ tọ́ ọ wò.

9. Ẹ tún orí irin nù, kẹ́ ẹ sáré ọkọ̀.

Ìkìlọ̀: níbi tí ojú irin ti pínyà, ẹ má kán gọ́ọ̀mù sítòsí irin tó ń rìn lọ rìn bọ̀. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ báyìí tó, kò ní lè yí mọ́. Kí n tó débẹ̀, mo máa ń fi epo ẹ̀rọ tó fúyẹ́ kan ìsàlẹ̀ irin yẹn ní ẹ̀ẹ̀kan, torí gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ epo. Níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tí kò lómi nínú ni mo ń fi igi ìtayín tọ́ sílẹ̀ kí n tó da òkúta sí i.

Tẹ́ ẹ ò bá rí gránáìtì, ẹ lo iyanrìn odò tẹ́ ẹ ti fọ̀ tẹ́ ẹ sì ti sá. Ẹ má lo ti etí òkun. Iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ irin yín.

## Ilẹ̀ pupa

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù. Mo bu ilẹ̀ pupa lẹ́yìnkùlé, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì tí mo fi oṣù mẹ́ta tu owó rẹ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Nígbà tí mo tú u, ẹ̀tù dúdú wẹ́wẹ́ ti so mọ́ òòfà inú mọ́tò rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Inú ilẹ̀ pupa yẹn ni ẹ̀tù irin náà ti wá. Ẹ má jẹ́ kó ṣe yín.

1. Ẹ bu ilẹ̀ náà, ẹ ṣa gbòǹgbò àti òkúta kúrò.
2. Ẹ yan án nínú ìkòkò gbígbẹ bí ẹni ń yan gààrí, fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹyin kòkòrò àti èso koríko á kú. Èmi ti rí i tí koríko gidi hù lórí pátákó ọ̀rẹ́ mi kan.
3. Tó bá tutù, ẹ gún un, kẹ́ ẹ fi ajọ̀ ẹ̀lùbọ́ jọ̀ ọ́. Èyí tó jábọ́ lẹ fẹ́ níbí.
4. Òòfà, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ó máa yà yín lẹ́nu bó ṣe pọ̀ tó.
5. Ẹ kun pátákó ní ọ̀dà tó sún mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á, kẹ́ ẹ gbọn ilẹ̀ lé e. Ẹ gbọn díẹ̀ sórí òkúta ojú irin náà, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èèyàn ti ń kọjá.

Ilẹ̀ pupa máa ń dúdú sí i tí gọ́ọ̀mù bá kàn án. Ẹ dán an wò lórí páálí. Tó bá dúdú jù, ẹ po ẹfun lílọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò? Ẹ yan ọ̀kan. Mo ti rí pátákó tí koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí eruku ọyẹ́ sì bo ewé igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó ò tiẹ̀ lè sọ ìdí. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, koríko á pọ́n bí ewé gbígbẹ, eruku á wà lórí òrùlé. Tó bá jẹ́ òjò, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré sójú ọ̀nà, ẹ kùn ún ní àwọ̀ ẹrẹ̀, kẹ́ ẹ da fánííṣì tó mọ́ gaara sí i díẹ̀díẹ̀, kí ìpele kan gbẹ kẹ́ ẹ tó da òmíràn.

Ẹ̀tù pákó láti ibi ìlagi, tẹ́ ẹ pa láró, ni koríko kúkúrú. Okùn tẹ́ ẹ gé ní mìlímítà márùn-ún, tẹ́ ẹ dì ní ìdì kékeré, ni koríko gíga. Àpáta Abẹ́òkúta ń kọ́? Ẹ gbẹ́ ẹ láti ara fóòmù líle, ẹ kùn ún ní àwọ̀ eérú, kẹ́ ẹ po ọ̀dà dúdú mọ́ omi púpọ̀, kẹ́ ẹ dà á láti orí rẹ̀ kó ṣàn wálẹ̀ bó ṣe wù ú. Àmì dúdú tí omi òjò fi ń sàmì sára àpáta gidi lẹ máa rí yẹn.

## Páànù tó ti dípẹtà

Ẹni tó bá ti dúró lórí Olúmọ rí, òrùlé ló kọ́kọ́ rí. Bí òrùlé yín bá jọ ọ́, ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n á dárúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀.

Àwo fọ́ìlì tí wọ́n fi ń di ìrẹsì ni páànù yín. Ohun tó máa fún un ní ìlà ni irin onísíkúrù M8, èyí tó gùn tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nọ́ọ̀tì àti bóòtì. Àlàfo ìlà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.25. Ní ìwọ̀n 1:64, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 80, páànù gidi sì wà ní nǹkan bíi 76. Mi ò tíì rí ohun tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ lówó pọ́ọ́kú.

1. Ẹ gé ìsàlẹ̀ àwo náà, níbi tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fọ epo kúrò lára rẹ̀.
2. Ẹ tẹ́ ẹ sórí sílípáàsì rọ́bà, kẹ́ ẹ yí irin M8 lé e lórí, kẹ́ ẹ fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ìlà á yọ.
3. Ẹ gé e sí páànù kọ̀ọ̀kan, mìlímítà 38 lóòró, 12 ní ìbú. Ẹ má fi odindi kan ṣe òrùlé. Òrùlé tí kò ní oríkèé ló máa ń jẹ́ kí ilé dà bí páálí.
4. Ẹ fi gọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣe bàtà lẹ̀ ẹ́. Etí òrùlé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè, kí ti òkè gun ti ìsàlẹ̀ díẹ̀. Gọ́ọ̀mù yìí máa ń jẹ fóòmù, òórùn rẹ̀ sì le, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé.
5. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà eérú tí kì í dán. Kó tó gbẹ tán, nígbà tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pa osùn lílọ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ máa fà á wálẹ̀ síhà tí omi òjò máa ń gbà.

Osùn gan-an ni mo sọ, èyí tí wọ́n fi ń pa ara ọmọ tuntun. Gbígbẹ ni kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ má po ó mọ́ sípíríìtì, á pọ́n jù, á sì ta sí ohun gbogbo. Ẹ jẹ́ kí páànù yàtọ̀ síra: ọ̀pọ̀ pọ́n, mélòó kan ṣókùnkùn, ẹyọ kan tàbí méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ń dán. Taya kan tàbí òkúta mẹ́ta lórí rẹ̀ nítorí ìjì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí.

Páálí lẹ fi ń ṣe ògiri? Ẹ kun inú àti ìta rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dè é pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin á mú un ká.

## Igi

Àṣìṣe tó gbòde ni pé igi máa ń kúrú jù. Ọ̀pẹ tó ga ní mítà 12 á di sẹ̀ǹtímítà 19 lórí pátákó yín, ìyẹn ga ju ilé lọ fíìfíì. Ẹ fi téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò wé wáyà ṣe ìtì rẹ̀, kẹ́ ẹ gé bébà wẹ́wẹ́ ní etí méjèèjì ṣe imọ̀ ọ̀pẹ. Fún igi tó gbòòrò, kànìnkànìn ìbílẹ̀ ni ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ fà á ya, ẹ pa á láró, kẹ́ ẹ gbọn ẹ̀tù pákó lé e.

## Ọjà àti èèyàn

Ẹ má to èèyàn bí sójà. Àwọn obìnrin méjì tó kọjú síra wọn nídìí àtẹ, ọmọkùnrin kan tó ń wo ojú irin bóyá ọkọ̀ ti ń bọ̀, ẹni tó sùn sábẹ́ agbòòrùn: wọ́n á ṣe ju ogún èèyàn tó dúró ṣánṣán lọ. Wáyà tín-ín-rín ni mo fi ń ṣe egungun wọn, bébà ìnuwọ́ tí mo rẹ sínú gọ́ọ̀mù sì ni aṣọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ àdìrẹ fún wọn, àdìrẹ gidi ò ní ṣe é, ọnà rẹ̀ tóbi jù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di kékeré, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà.

Ohun tó kéré jù lórí pátákó mi làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń nàka sí: ọ̀rá piọ́ wọ́tà. Ọ̀rá funfun tín-ín-rín ni mo gé ní mìlímítà méjì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí mo rún díẹ̀, tí mo fi ẹ̀mú kì bọ àárín koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Bí ogún báyìí tó. Àtẹ tó wà nítòsí ni kẹ́ ẹ kó wọn jọ sí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dín kù bí ọjà ṣe ń jìnnà.

## Iná

1. Ẹ lo àdápútọ̀ 12 volt. Iná ilé ò gbọ́dọ̀ dé orí pátákó láé.
2. Gílóòbù LED kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní resistor 1 kilo-ohm tirẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń dín agbára iná kù. Ìlà ara resistor náà jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ (brown), dúdú, pupa. Láìsí i, gílóòbù á jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
3. Ẹsẹ̀ gílóòbù tó gùn ni kẹ́ ẹ so mọ́ wáyà rere (+).
4. Ẹ kun inú ilé ní dúdú kí iná má yọ lára ògiri.

Ẹ má tan iná sí gbogbo ilé. Ẹyọ kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nídìí àtẹ alákàrà ti tó fún ọjà alẹ́.

## Ọkọ̀ gbẹ̀yìn

Ẹfun, osùn, èédú lílọ̀: mẹ́ta yìí ti tó. Ẹ fi fánííṣì tí kì í dán kun ọkọ̀, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ṣe báyìí:

- èédú sí orí òrùlé ẹ́ńjìnnì, yí ká ibi tí èéfín ti ń jáde;
- osùn sí etí ilẹ̀kùn wágọ̀nù, sí abẹ́ ìṣó àti ibi tí ọ̀dà ti hó;
- ẹfun tẹ́ ẹ po mọ́ ilẹ̀ pupa yín gan-an sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, láti ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè díẹ̀.

Ti ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì jù, torí ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ló ń ta sí i lára. Tí àwọ̀ méjèèjì bá bára mu, ọkọ̀ á dà bí ọmọ ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀tù kan táyà, abẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí ibi tí wọ́n ti ń gba iná.

## Àwọn ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ lẹ́yìn tó ti parí

- Ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì dípò gọ́ọ̀mù. Aáyán àti èkúté á jẹ ilé yín ní òru. Mo ti pàdánù odindi ibùdókọ̀ kan bẹ́ẹ̀.
- Ikán. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ tábìlì fara kan ògiri, kẹ́ ẹ sì fi epo pa ìsàlẹ̀ rẹ̀.
- Oòrùn ojú fèrèsé. Á mú kí àwọ̀ ṣá, á sì mú kí irin gùn. Tẹ́ ẹ bá ń to irin, ẹ fi àlàfo tí kò ju bí èékánná ṣe nípọn tó lọ sílẹ̀ ní oríkèé díẹ̀díẹ̀.
- Ọyẹ́. Eruku rẹ̀ máa ń bo orí irin láàárín ọjọ́ kan. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo pátákó ní alaalẹ́, kẹ́ ẹ gbé e lé òpó mẹ́rin kó má baà tẹ igi yín. Ní òwúrọ̀, kẹ́ ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ fi àkísà àti sípíríìtì nu orí irin yípo lẹ́ẹ̀kan.